Iná Funfun Lójú Ọ̀nà Ìpetumodù

Òórùn oògùn apakòkòrò ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin, nílé ìwòsàn kan n'Ílé-Ifẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n rán mi lọ kọ ìròyìn ìjàm̀bá kan. Bàbá ará Ìlódè kan tó ń wa takisí ni mo wá rí. Lẹ́yìn ìrun Màgáríbì ọjọ́ tó ṣáájú ni ọkọ̀ rẹ̀ já sí kòtò lọ́nà Ìpetumodù, obìnrin kan tó gbé sì kú. Àwọn ọlọ́pàá ní oorun ló gbé bàbá náà lọ.

Ó di ọwọ́ mi mú. “Akọ̀ròyìn, èmi ò sùn o. Ọkọ̀ kan ló ń bọ̀ láti Ìpetumodù, iná rẹ̀ kan funfun báláú, èkejì pupa rúsúrúsú. Mo fi iná ṣẹ́jú fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kó rẹ tiẹ̀ sílẹ̀, kò dá mi lóhùn. Ojú mi kàn ṣókùnkùn ni.”

Bíírò mi dúró. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ra gílóòbù funfun sí iwájú ọkọ̀ mi. Ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ rìwáyà tó ń bá mi tún iná ṣe, ó ní kí n padà wá gba èkejì. Nígbà tí mo bi í bóyá kò ní máa wọ àwọn tó ń bọ̀ níwájú lójú, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá, ṣé ojú tiwọn lẹ fi ń ríran ni?” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ ìjàm̀bá yẹn, bí mo ṣe ń bọ̀ láti Ìpetumodù, takisí kan ń ṣẹ́jú iná sí mi. “Kí ló ń ṣe eléyìí?” ni mo wí, mo sì kọjá lọ.

“Ẹ bá mi kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kí wọ́n lè wá ọkọ̀ náà,” ni bàbá ń wí. “Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Àwọn ọmọ obìnrin yẹn á sì máa sọ pé mo fi oorun pa ìyá àwọn.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, a ti jọ ṣiṣẹ́ ìròyìn yìí pẹ́, o mọ bí mo ṣe fẹ́ràn kí ẹlẹ́rìí fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá nìkan ni mo kọ. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo ti yà lọ́dọ̀ rìwáyà, ó ti yọ gílóòbù funfun náà.

Bàbá ṣẹ̀wọ̀n, ó dé. Kò wakọ̀ mọ́; ọkọ̀ àwọn àlejò ló ń bá wọn ṣọ́ ní Ẹnuwá, níwájú ààfin. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rí mi, ó sáré wá bọ̀ mí lọ́wọ́. “Akọ̀ròyìn, mo mọ̀ pé ẹ kọ ọ́. Àwọn ọ̀gá yín ló yọ ọ́. Ẹ má bá wọn jà nítorí mi.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

Nílé ìwòsàn, mo lè sọ pé ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ló bà mí. Ní Ẹnuwá, bàbá nìkan ló dúró tì mí, kò sì sí ẹni tó fẹ́ mú mi, síbẹ̀ “bẹ́ẹ̀ ni” ni mo wí.