Ohùn Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Wáàsí Bàbá Mi

Òórùn òrí tí àwọn obìnrin ń sè lẹ́yìn ilé ló máa ń kún yàrá tí mo gbà ní àdúgbò Jisonayili. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mò ń tún ohùn bàbá mi ṣe. Wáàsí Ramadan tó ṣe kẹ́yìn lágbàlá wa ní Tishigu, àdúgbò míràn nínú ìlú kan náà, ni. O mọ bí àwa ọmọ Ìlọrin ṣe ń ṣe é, kódà nílẹ̀ òkèèrè níbí: ajánásì á ka Kùránì díẹ̀, ààfáà á sì túmọ̀ rẹ̀. Àbúrò ìyá mi ni ajánásì bàbá mi. Nígbà tí mò ń wí yìí, bàbá ti kú, àìsàn sì ti mú àbúrò ìyá mi láhọ́n, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbi àdúà ọdún kan tí bàbá kú.

Fáànù ló ń hó lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lójú kọ̀ǹpútà mi, àpótí kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ kan lára ohùn ni mo máa ń fi okùn so pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Fourier, a máa tú ohùn palẹ̀, ìró tó rẹlẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó ga lọ́tọ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Mo wá ibi tí bàbá mi ti dákẹ́, mo ní kí ó wọn ibẹ̀ wò, kí ó sì pa gbogbo ìró tí kò bá lágbára ju ìyẹn lọ rẹ́ títí dópin. Ohùn bàbá mi jáde ketekete, orí mi wú. Kásẹ́ẹ̀tì tí wáàsí náà wà nínú rẹ̀ ti já nígbà tí mò ń dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, mo sì tún fi ohùn tuntun yìí bo èyí tí mo kọ́kọ́ dà mọ́lẹ̀, kò sí òmíràn mọ́. Ìkánjú ni, àbí ìgbéraga? Méjèèjì ni.

Ìyá mi gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Kai! Ohùn ọkọ mi rèé. Àbúrò mi ńkọ́?"

Ìgbà náà ló tó yé mi. Níbi tí bàbá mi ti dákẹ́, ajánásì ló ń ka Kùránì lọ́wọ́. Ó jìnnà sí máìkì, ohùn rẹ̀ sì ti wọnú ti fáànù.

"Ìyá, mo rò pé fáànù nìkan ni."

"Wallahi, ọ̀la ni àdúà, ọ̀la ló ń bọ̀ wá gbọ́ ọ o."

Ó wá. Bàbá mi á túmọ̀, á dákẹ́. Níbi tó yẹ kí Kùránì wà, nǹkan kan ò sí. Ètè àgbà náà ń mì ní gbogbo ibi tó ṣófo yẹn, kò fo ọ̀kan. Nígbà tó parí, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń ṣàdúà tí etí ò gbọ́. Ojú tì mí ju kí ó nà mí lọ.

Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi. Bí wọ́n bá ní kí n mú ariwo kúrò nínú ohùn kan, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní ìbéèrè mi ti pọ̀ jù. Èmi ò bi ìyá mi ní ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn ni ì bá sì dá ohùn àbúrò rẹ̀ sí.