Jẹ́sì Horst Bá Ọkọ̀ Òkun Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Folúkẹ́, ọkọ rẹ̀ sì ni Matthew Ògúndáre tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Wilhelmsburg ni wọ́n ń gbé ní Hamburg. Èmi Àníkẹ́ ń gbé Spandau ní Berlin, irun ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá bi mí pé irú èèyàn wo ni Bọ̀dá Matthew, màá ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í mutí, kì í bá èèyàn jà. Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe é, àrùn náà sì ni họ́kì orí yìnyín.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìkìrun ni, níbi tí yìnyín ò ti sí àfi nínú fíríìjì. Ọdún 1999 ló dé Hamburg, nígbà tó yá ó ríṣẹ́ sí èbúté. Àwọn ni wọ́n máa ń fi ọ̀pá irin de kọntéénà mọ́ ọkọ̀ òkun kí ìgbì má baà dà wọ́n nù. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà ni Horst, òyìnbó gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ Friday kan ní ọdún 2001, Horst já tíkẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá òun àti ìyàwó òun lọ wo eré. Nígbà tí Matthew gbọ́ pé inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé. Ó débẹ̀, eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Emilia, ìyàwó Horst, wé ìborùn tirẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì dúró tì í, ó ń ṣàlàyé: èèyàn márùn-ún àti gólíkípà kan ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lé kiri dípò bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ á lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìṣẹ́jú méjì bí ọmọ tí tíṣà fìyà jẹ. Orúkọ ẹgbẹ́ tiwọn ni Elbfalken. Wọ́n nà wọ́n bí ẹni máa kú lọ́jọ́ náà. Matthew padà délé, ó ní, "Folúkẹ́, mo ti rí ẹgbẹ́ mi."

Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì yẹsẹ̀. Ọdọọdún ló ń ra Dauerkarte, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wo gbogbo eré ọdún. Bí eré bá bọ́ sí aago méjì ọ̀sán Sunday, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló máa jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìkéde báyìí, ẹ ò ní rí i mọ́. Wòlíì wọn tiẹ̀ pè é lọ́jọ́ kan, ó ní òun ríran sí i, òun rí ẹyẹ funfun tó ń rà bàbà lórí rẹ̀. Matthew ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ ṣeun. Àwọn ni." Àṣá funfun ló wà láyà jẹ́sì ẹgbẹ́ rẹ̀. Folúkẹ́ ní tiẹ̀ kì í pe họ́kì ní họ́kì, "orogún mi" ló máa ń pè é.

Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ yẹn náà ni Horst ra jẹ́sì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó mú ọ̀kan, ó fún Matthew ní ọ̀kan. Aláwọ̀ búlúù ni méjèèjì, kò sí orúkọ kankan lẹ́yìn wọn. Horst kú ní ọdún 2014. Òun àti Emilia ò bímọ. Emilia àti Matthew ṣì jọ ń lọ síbi eré títí orúnkún Màmá fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí ọmọ àbúrò rẹ̀ wá mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Hellersdorf, ní Berlin. Ọjọ́ tó ń lọ ló gbé jẹ́sì Horst fún Matthew. Ó ní kó máa gbé e lọ síbi eré, kí Horst má pàdánù ọ̀kankan. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá kú, kó gbé e wá kí wọ́n fi bo pósí òun.

Matthew ṣèlérí. Láti ìgbà náà, gbogbo eré tí wọ́n bá ṣe ní Hamburg ló ń fi jẹ́sì náà kọ́ ara irin ibi tí wọ́n máa ń dúró sí. Tó bá délé, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, á sá a. Kò fi rán ẹnikẹ́ni rí.

Nínú oṣù kejì ọdún yìí, mo lọ sí Hamburg láti bá ẹ̀gbọ́n mi di àgbá tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí màmá wa ní Òṣogbo. Ẹni tó bá ti di àgbá rí mọ òfin rẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà, ó kún o, kò kún o, nítorí náà a kì í fi àyè sílẹ̀. A ó ki ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà, a ó ki bàtà sínú ìkòkò. Ohun tó bá lè fọ́, aṣọ la ó fi wé e, aṣọ náà kò sì ní ṣòfò, ẹnìkan á wọ̀ ọ́ tó bá délé. Nígbà tó ku àwo tánganran mẹ́fà, aṣọ tán. Awakọ̀ tó fẹ́ gbé àgbá ti ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Folúkẹ́ ké sí mi, "Àníkẹ́, gbogbo èyí tó wà lórí irin tí a ń sáṣọ sí yẹn, ko wọ́n wá jàre!"

Èmi ni mo kó wọn. Mi ò ní purọ́. Mo rí nǹkan búlúù kan láàárín wọn, mo rò pé aṣọ ìdárayá Shalom ọmọ wọn ni. Folúkẹ́ ò tilẹ̀ wo ohun tí mo gbé fún un. Ó fi wé àwo, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a dé àgbá pa, awakọ̀ yí i lọ. Mo padà sí Spandau.

Ọjọ́ Thursday ni Bọ̀dá Matthew ń wá jẹ́sì, torí eré wà lọ́jọ́ kejì. Orí fóònù ni mo wà pẹ̀lú Folúkẹ́ nígbà náà, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá Shalom, jẹ́sì Horst tí mo sá dà?"

"Mi ò rí i o. Ṣé kì í ṣe èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

Shalom fi èdè Jámánì dáhùn láti inú yàrá rẹ̀ pé gbogbo aṣọ tí wọ́n sá ní Saturday ti bá àgbá lọ.

Bọ̀dá Matthew kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Ó pe àwọn tó gbé àgbá. Wọ́n ní kọntéénà wọlé sínú ọkọ̀ ní Tuesday, ọkọ̀ sì ti ṣí ní Wednesday. Ó béèrè orúkọ ọkọ̀, wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó jókòó. "Èmi ni mo dè é," ló wí. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ yẹn ní Tuesday. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi de jẹ́sì Horst mọ́ ọkọ̀ pinpin.

Folúkẹ́ ti ń sunkún. "Daddy Shalom, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. I swear, mi ò wò ó. Awakọ̀ yẹn ló ń rush wa."

"Ṣé sorry á dá ọkọ̀ padà? Mo ṣèlérí fún ẹni tí kò lẹ́nìkan, Folúkẹ́!"

Èmi ò gbọ́ kó jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n mi rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Mo rọra pa fóònù mi.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá ṣì rọ̀ díẹ̀ ká ní Emilia wà lálàáfíà. Ọjọ́ Saturday ni ọmọ àbúrò rẹ̀ pè. Màmá kò jẹun dáadáa mọ́, dókítà sì ní kò ní pẹ́. Màmá ti gbọ́ pé Elbfalken ń bọ̀ wá gbá ní Berlin ní Sunday. Ó ní kí Matthew yà sọ́dọ̀ òun kó tó lọ síbi eré, kó mú jẹ́sì Horst dání, òun fẹ́ rí i.

Ilé mi ni Bọ̀dá Matthew kọ́kọ́ dé láàárọ̀ Sunday. Jẹ́sì tirẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì àti ẹyin síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni mo ti la ẹnu mi yìí.

"Bọ̀dá Matthew, èyí tó wà lọ́rùn yín ńkọ́? Ọjọ́ kan náà kọ́ ni wọ́n ra méjèèjì ni? Ẹ bọ́ ọ, ẹ ká a dáadáa, ẹ gbé e fún Màmá. Ojú wọn ò kúkú ríran mọ́."

"Irọ́ nìyẹn, Àníkẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a."

"Ogún ọdún kẹ̀? Màmá tí wọn ò fún ní ogún ọjọ́?"

Ó bọ́ jẹ́sì náà, ó ká a sínú àpò, ó ku ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀. A wọ ọkọ̀ ojú irin láti òpin Berlin kan dé òpin kejì. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Hellersdorf láàárín àwọn ilé gíga tó jọra wọn yẹn, kò jẹ́ kí n bá òun gbé àpò náà.

Emilia ti rù hangogo. Gbogbo èèyàn tó wà níbi eré ló máa ń pe orúkọ rẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Matthew kò lè pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ láéláé, "Frau Emilia" ló ń pè é. Ó kí i, Màmá na ọwọ́. "Gbé e wá."

Ó gbé jẹ́sì fún un. Màmá fi àtàǹpàkò pa àṣá funfun yẹn lára, ó gbé aṣọ náà bojú, ó dijú. "Horst," ló wí. "Horst mi."

Mo fi ẹsẹ̀ tọ́ Bọ̀dá Matthew lábẹ́ àga. Inú mi dùn, mo rò pé a ti bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé omi ti lé sí i. Bí ó ṣe dìde nìyẹn, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé omi bọ̀ figbe ta, ó sáré tẹ aago, ó rò pé ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Kò sí nǹkan tó ṣe é," ni mo wí. "Ó ń tọrọ àforíjì ni."

Láti orí ilẹ̀ yẹn ló ti rò ó: àgbá, àwo mẹ́fà, ọkọ̀, Èkó. "Èyí tó wà lọ́wọ́ yín, tèmi ni. Mo fẹ́ fi tàn yín jẹ." Mo ní èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo Màmá.

Emilia béèrè pé, "Ọkọ̀ òkun gan-an?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Frau Emilia."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, a fún un lómi. "Ọdún méjìdínlógójì ni Horst fi ṣiṣẹ́ ní èbúté yẹn. Ó de ọkọ̀ tó ń lọ sí gbogbo ayé, kò wọ ọ̀kan lọ ibì kankan rí. Ẹ̀rù ìgbì ń bà á." Ó nu ojú rẹ̀. "Àwọn àwo yẹn, ṣé wọn ò ní fọ́ báyìí?"

"Wọn ò ní fọ́."

"Ó dáa. Má jẹ́ kí wọ́n dá a padà. Dìde ńlẹ̀."

Bọ̀dá Matthew dìde. Ó na ọwọ́ láti gba jẹ́sì tirẹ̀, Màmá ò jẹ́ kó gbà á.

"Èyí tí Horst rà fún ẹ nìyí?"

"Òun ni."

"Fi sílẹ̀ fún mi."

Mo mọ ohun tí aṣọ yẹn jẹ́ fún ọkùnrin yìí. Òun ló wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n pè é níbi eré pé Folúkẹ́ ti bí Shalom. Ó ní, "Ẹ máa mú un."

"Kì í ṣe orí pósí o," ni Màmá wí. "Wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn báyìí. Òtútù ń mú mi."

Èmi àti nọ́ọ̀sì gbé e dìde, Bọ̀dá Matthew wọ̀ ọ́ sí i lórí aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀. Aṣọ náà tóbi ju ara rẹ̀ lọ púpọ̀, Bọ̀dá Matthew fi sùúrù ká apá rẹ̀ sókè títí ìka ọwọ́ Màmá fi yọ. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi eré pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ tó wọ búlúù. Àwọn Berlin nà wọ́n, mẹ́rin sí ọ̀kan.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Emilia kú. Wọn ò bọ́ jẹ́sì náà lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e padà wá sí Hamburg, tí wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Horst. Folúkẹ́ ló sunkún jù wá lọ. Nígbà tí a kúrò ní ibi ibojì, ó ní, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Màmá yẹn bímọ." Ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ohun tí mi ò rí wọn kí wọ́n ṣe níta rí.

Ìyókù, Folúkẹ́ ló sọ ọ́ fún mi. Ní Friday ọ̀sẹ̀ tí a sin Màmá, eré wà ní Hamburg. Bí Bọ̀dá Matthew ṣe fẹ́ jáde, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ kóòtù, ó ti dé fìlà. Folúkẹ́ kò tíì dé ibi eré rí.

"Níbo nìyẹn?"

"Ibi tí ẹ̀ ń lọ ni."

Ibi tí Emilia máa ń dúró sí ló mú un lọ. Ọkùnrin kan ní ìlà ẹ̀yìn wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Matthew, jẹ́sì rẹ dà?"

"Ó wà lára Emilia."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀. Àwọn eléré ya jáde sórí yìnyín, àwọn kan wọ búlúù, àwọn kan wọ pupa, ariwo gba gbogbo ilé. Folúkẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di irin iwájú rẹ̀ mú, ó wá fi ẹnu sí etí ọkọ rẹ̀.

"Daddy Shalom, èwo ni tiwa nínú wọn?"