Bí Mo Ṣe Ná Ara Mi Wálẹ̀ ní Sakété

Mo ti bá àwọn Faransé la ọ̀nà tipátipá lẹ́ẹ̀kan rí. Àwa mẹ́ta ni wọ́n kó ní agboolé wa ní Towé. Èmi nìkan ni mo padà. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, bí ewúrẹ́ bá húkọ́ lẹ́yìn ilé, màá ti wà lórí àjà.

Nígbà tó yá, ìránṣẹ́ olóyè wá kéde pé bí ọjọ́ ọjà Sakété bá ti kọjá, wọn yóò tún kó èèyàn. Ẹni tó bá ní ìwé pé òun ń gbowó iṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó nìkan ni wọn ò ní mú. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan sì wà ní Sakété tó ń ra èkùrọ́, wọ́n ní ó ń wá ẹni tí yóò máa gbé àpò sórí ìwọ̀n.

Àbúrò ìyá mi, tó ti ṣe lébìrà lójú irin ní Ìlaròó, pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

“Wéèjì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe owó iṣẹ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kì í dá rìn. Bí ìyàwó tuntun ni, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí ń sìn ín lọ.”

Ó ní lífìn wéèjì ni èyí tí èèyàn lè fi jẹun kó sì tún ra ẹ̀wù. Lóò wéèjì, bó o bá jẹun, ẹ̀wù di ọdún tó ń bọ̀. Wéèjì ráìsì, wọ́n fi kún un. Wéèjì kọ́ọ̀tì, wọ́n gé e. Ó dárúkọ wéèjì fíríìsì náà, kò sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

“Wéèjì fíríìsì ńkọ́, Bàbá?”

“Ó dì nìyẹn, kò ní lọ sókè mọ́. Ṣé o mọ epo pupa nígbà ọyẹ́? Ó wà nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n dà á títí, kò ní ṣàn.”

“Ta ló máa wá dáná sí i?”

“Wọn kì í dáná sí i. O ó kàn máa wò ó ni.”

Ó ní kí n ná an bí ọjà. Kí n bẹ̀rẹ̀ lókè, kí n ní ráìsì ni mo fẹ́.

“N kò tíì ṣiṣẹ́. Kí ni wọ́n máa fi kún?”

“Ta ní ń kọ́kọ́ dárúkọ iye tó fẹ́ gbà gan-an? Bó bá kọ̀, sọ̀ kalẹ̀ sí lífìn. Bó bá tún kọ̀, lóò. Má dé kọ́ọ̀tì láéláé!”

Mo ń ka orúkọ wéèjì wọ̀nyí lọ lójú ọ̀nà Sakété. Obìnrin kan tó ru gàrí ní, “Ọkọ mi, ta lò ń bú láàárọ̀ yìí?”

Nígbà tí òyìnbó náà jáde, àkẹtẹ̀ orí rẹ̀ dà bí ti kọmáńdàn, ọ̀gá àwọn Faransé, gẹ́lẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ mi sá lọ, àfi èyí tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ dé. Akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ kan, ní, “Ó ní èló lo fẹ́ máa gbà?”

“Wéèjì kọ́ọ̀tì, sà!”

Òyìnbó yọ kòkò tábà lẹ́nu. Mo rò pé ó ti kọ̀, mo tún sọ̀ kalẹ̀ sí i: “Ẹ jọ̀ọ́, sà! Lóò wéèjì! Wéèjì fíríìsì!”

“Ṣé orí rẹ pé?” ni akọ̀wé wí. “O ń bẹ̀ ẹ́ kó gé owó tí kò tíì fún ọ, kó sì jẹ́ kó dì síbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi gba ìwé.”

Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí àpò èkùrọ́. Ó kọ ìwé náà níbẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ fún náà ló sì fún mi: owó mi kéré ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ.

“O lọ ná ọjà, o wá ná ara rẹ wálẹ̀!” Nígbà tí mo délé, àbúrò ìyá mi pariwo títí tí àwọn ará ilé kejì fi wá pẹ̀tù.

Lọ́jọ́ kejì ọjà, gáàdì àwọn Faransé dé láti kó èèyàn. Ó yí ìwé mi sókè, ó yí i sódò, ó bi mí pé èló ni wọ́n ń san. Mo sọ fún un. Ó wò mí bí ẹni wo aláìsàn.

“Pẹ̀lẹ́ o,” ó ní, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn àbúrò ìyá mi láti orí àjà, jẹ́jẹ́:

“Ṣé wọ́n ti lọ? Òyìnbó yẹn… bí èmi náà bá bẹ̀ ẹ́ fún kọ́ọ̀tì lọ́la, ṣé á gbà?”