Màlúù Tí Àǹtí Fi Ìgò Tọ́

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Ẹ̀ńjíníà tó ń wọ táì lọ sí ọ́fíìsì ní Westchase ló kọ́kọ́ di darandaran nínú gbogbo àwa ọmọ Yorùbá Houston. Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán; èmi náà rín in. Nígbà tí iṣẹ́ epo bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, bí a ṣe ń pe ẹ̀ńjíníà náà, a rò pé wọ́n á wá òmíràn. Ilẹ̀ ni wọ́n rà ní pápá gbalasa, níbi tí èèyàn ti ń wo òjò bọ̀ láti òkèèrè, wọ́n sì kó màlúù síbẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, wàrà dà?"

"Wàrà ń bẹ nílé. Ìwọ máa mu tinú páálí lọ, ará ìgboro Sharpstown."

Ìyàwó wọn, nọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, kò fẹ́ràn pápá náà rárá. Wọ́n ní yànmùyánmú ibẹ̀ ń wo ojú èèyàn kó tó jẹ ẹ́. Àfìgbà tí abo màlúù kan kú lórí ìbí, tó fi ọmọ sílẹ̀. Àǹtí gbé ọmọ màlúù náà, pupa tó ní funfun níwájú orí, wọ ilé ìdáná, wọ́n ń fi ìgò ọmọ ọwọ́ bọ́ ọ, wọ́n ń kọrin fún un. Ó dàgbà, ó di gìrìwò, síbẹ̀ tó bá ti rí èèyàn, á rìn wá bá a. Òun ló ń ṣáájú agbo. Ibi tó bá yà sí ni àwọn yòókù ń yà sí. Àwọn ọmọ tí Àǹtí bí ti wábi gbà lọ. Èyí kò lọ síbì kan.

Nígbà tí àìsàn fẹ́ mú Àǹtí lọ, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

"Dádì, ẹ má tà á o. Ẹ jẹ́ kó darúgbó sílé."

"Kò ní kúrò lọ́wọ́ mi," Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

Ẹ sì mọ̀ wá: bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ èèyàn, a kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan kan. Àṣà yìí bá wa wọkọ̀ òfuurufú dé ìhín. Àwọn ọkùnrin ìjọ gba ètò oúnjẹ ìsìnkú ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú agbo, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó padà wá béèrè pé èwo. Ta ni í da ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ láàmú?

A ti itẹ́ òkú dé, òórùn ọbẹ̀ pàdé wa lẹ́nu géètì. Àgbà kan nínú ìjọ sáré wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa! Gbogbo màlúù yín ló sá fún wa. Ẹyọ kan ló dá rìn wá, ó ń lá mi lọ́wọ́. Bí àgbò Ábúráhámù gan-an ni!"

Wọ́n ti sá awọ rẹ̀ sórí ọgbà, awọ pupa tó ní funfun níwájú orí. Ẹ̀gbọ́n wò ó. Mo rò pé wọ́n á pariwo.

"Ẹ ṣé o," ni wọ́n wí. "A ò ní fi irú ẹ̀ san án fún yín."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fà mí lápá. "Má sọ fún wọn. Wọn ò ní lè jẹun nílé mi mọ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

"Eyín ń dùn mí."



Mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹ̀gbọ́n gbé korobá oúnjẹ lọ sẹ́nu géètì, wọ́n pe àwọn màlúù. Kò sí èyí tó mira. Wọ́n dúró lábẹ́ igi, wọ́n ń wo ara wọn. Ẹ̀gbọ́n tún pè. Fóònù ló dáhùn: àgbà ìjọ àná ni.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé a jí dáadáa?"

"A jí dáadáa," Ẹ̀gbọ́n dáhùn. "Ẹ kú wàhálà àná. Gbogbo èèyàn ló ní ẹran náà dùn."

Ẹ̀gbọ́n ti fóònù bọ àpò, wọ́n jókòó sínú koríko. Ẹkún tí wọn ò sun létí sàréè, ibẹ̀ ni wọ́n ti sun ún, níwájú agbo tí kò mọ ẹni tí yóò tẹ̀ lé.