Ọkọ̀ Onílé Tó Gbé Wa Lọ Sétí Òkun Jídà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mẹ́kà, a kì í lọ lo ọlidé níbì kankan. Dókítà ni bàbá mi, ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn sì ń fi Iléyá gbafẹ́ ni iṣẹ́ tiwọn ń pọ̀ jù. Wọ́n á kó àwọn dókítà lọ sí Mínà, sáàárín àwọn àgọ́ funfun tí kì í ní ẹnì kankan nínú àfi lásìkò Hájì. Èmi, màmá mi àti Báṣírù àbúrò mi á wà nílé wa ládùúgbò Az-Zahir, a ó máa jẹ ẹran Iléyá tí bàbá ò bá wa jẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí òbí yín náà ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè á mọ bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lẹ́nu.

Ìwó ni wọ́n bí mi sí, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo sì ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kí wọ́n tó mú mi wá. Mẹ́kà ni wọ́n bí Báṣírù sí ní tiẹ̀. Bí a bá sọ Yorùbá sí i, á gbọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ló fi ń dáhùn. Bàbá mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní ọmọ Ìwó tí kò lè sọ Yorùbá, odídẹrẹ́ tó yadi ni. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, Báṣírù náà á bá wa rín in.

Ẹ̀rín yẹn tán lọ́dún tí Màmá Ìwó, ìyá bàbá mi, wá ṣe Hájì. Wọ́n di dòdò Ìkirè mọ́ àárín aṣọ wọn wá fún ọmọkùnrin tí wọn ò tíì fojú kàn rí. Wọ́n kì í ní oríkì títí, wọ́n na ọwọ́ sí i. Báṣírù wò wọ́n, ó ní, “Éèṣì tibígì?” Màmá Ìwó bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ń béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni. Wọ́n fi ìborùn bo ojú, ẹkún sì dé. “Ṣé ọmọ ọmọ mi ló ń bi mí ní ohun tí mò ń fẹ́?” Kí wọ́n tó padà sílé, bàbá mi ti ṣèlérí fún wọn pé bí òun bá ti lo ìsinmi òun tán, Báṣírù á máa bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ wọn.

Bí a ṣe rí ìsinmi wa nìyẹn. Bàbá ní kí a jọ gbádùn ara wa kí Báṣírù tó lọ. Dókítà kan, ará Íjíbítì, ló yá wọn ní ọkọ̀ onílé rẹ̀. Ibùsùn wà nínú ẹ̀, sítóòfù gáàsì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, ilé ìyàgbẹ́ kékeré kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn lèèyàn fi ń wọ̀ ọ́. Màmá mi kò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. “Àlàájì, Jídà tí à ń lọ tí à ń bọ̀ kí ìrẹsì tó jinná, ṣé ó wá yẹ ká torí ẹ̀ lọ gbénú ilé tó ní táyà?” Síbẹ̀, wọ́n kó ẹ̀lùbọ́, gàrì àti epo pupa sínú rẹ̀ bí ẹni ń lọ sí Ìwó gan-an. Epo náà dà sórí kápẹ́ẹ̀tì ará Íjíbítì, ìrọ̀rí ni wọ́n fi bò ó títí a fi padà.

Etí òkun la gúnlẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìṣeré kan. Bàbá ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ èdè Lárúbáwá nínú ọkọ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ á kúnlẹ̀, á gbọ́wọ́ sókè. Ẹ mọ ẹni tó ń kúnlẹ̀. Ọ̀nà àárín ọkọ̀ náà há, bí Báṣírù bá ti kúnlẹ̀, màmá kò lè dé ìdí sítóòfù, bàbá kò sì lè dé ìdí omi. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹni tó ṣòfin ló ń bẹ arúfin: “Dìde jàre, mo fẹ́ ṣe àlùwàlá.”

Èmi ní èrò tèmi lọ́kàn. Mo gbà pé bí Báṣírù bá lè sọ Yorùbá kí ìsinmi tó parí, kò sí ìdí tí wọ́n fi máa gbé e lọ mọ́. Orí ibùsùn tó wà lókè ìjókòó awakọ̀ la jọ ń sùn, ibẹ̀ ni mo sì sọ di ilé ẹ̀kọ́. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Mo kọ́ ọ ní orúkọ oúnjẹ. Mo kọ́ ọ ní orin tẹ́ńtẹ́ẹ̀nì, a sì ń ta ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn títí ó fi ń borí mi. “Ẹ̀gbọ́n” ló dà á láàmú jù, “ẹ̀bọ́n” ló ń pè mí, mo sì ń gbá a ní ìkó díẹ̀ lórí bí Màmá Ìwó ṣe máa ń gbá èmi náà.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Alásárì, bàbá ní kí a lọ gun kẹ̀kẹ́ ràbàtà tó ń gbé èèyàn yípo lójú sánmà. Ẹni méjì ló ń wọ àpótí kọ̀ọ̀kan. Màmá mi ní ẹni tí Ọlọ́run dá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kò ní nǹkan í wá lókè, ni èmi àti Báṣírù bá wọlé. Nígbà tí àpótí wa dé òkè pátápátá, kẹ̀kẹ́ dúró kí àwọn ará ìsàlẹ̀ lè wọlé. Oòrùn ti ń wọ̀ sínú òkun. Mo rí ọkọ̀ onílé wa nísàlẹ̀, àti aṣọ tí màmá sá sójú fèrèsé rẹ̀. Báṣírù di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fẹ́ lọ.”

Mi ò kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló tò ó pọ̀. Èmi onímọ̀ Yorùbá wá rèé, èdè Lárúbáwá ni mo fi dá a lóhùn: “Lá takáfù,” pé kó má bẹ̀rù.

Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀ ni mo sáré lọ bá bàbá. Mo ní, “Bàbá, Báṣírù ti ń sọ Yorùbá o!” Wọ́n ní kó sọ ọ́ káwọn gbọ́. Ó dúró ṣánṣán bí ẹni fẹ́ ka kéwú níwájú áfáà, ó ní, “Mi ò fẹ́ lọ.” Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú báàgì wọn. Bàbá fọwọ́ pa á lórí. “Ó dùn létí. Inú Màmá Ìwó á dùn bí wọ́n bá gbọ́ ẹ.” Wọ́n ra áísìkirimù fún un, ó sì jẹ́ kó yọ́ dà sí i lọ́wọ́. Yorùbá tí mo fi ń dá a dúró ló fi bàbá lọ́kàn balẹ̀ pé kò ní í yadi ní Ìwó.

Báṣírù bá Àlàájà kan tó ń relé lọ. Inú ilé wa wá dákẹ́. Mo ń ta tẹ́ńtẹ́ẹ̀nì níwájú dígí ara kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí mo bá ta náà ni dígí ń ta, eré kò dùn. Ẹ̀gbẹ́ kan ibùsùn ni mo ń sùn fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń bọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ká tó gbọ́ ohùn Báṣírù, ẹnì kan ní Ìwó gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí fóònù wà. Lónìí, mo lè rí ojú rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù mí. Àwọn ọgbà ìṣeré Jídà ti tóbi ju ti àtijọ́ lọ, iná wọn ń tàn bí ọ̀sán. Àwọn òbí mi ti padà sílé tipẹ́. Èmi tí mo gbọ́ Yorùbá ni mo kù síhìn-ín, níbi tí mi ò ti rẹ́ni sọ ọ́ sí àfi ọkọ mi. Báṣírù ń fi òwe bọ òwe ní Ìwó, bí mo bá fi èdè Lárúbáwá kí i, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbàgbé ìyẹn.”

Láìpẹ́ yìí, ó ní kí n gbé fóònù fún Háfúsá ọmọ mi. Ó kí i dáadáa, ó bi í bó ṣe ń ṣe sí. Háfúsá yíjú sí mi, ó fi èdè Lárúbáwá béèrè ohun tí ọkùnrin yẹn ń fẹ́. Báṣírù ní ọkọ mi ti bá òun sọ ọ́, pé kí n jẹ́ kí ọmọ náà máa bọ̀ wá gbé nílé ní Ìwó, Màmá àti Bàbá ń retí rẹ̀. Mo ní mi ò fẹ́ kó lọ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.”