Ẹsẹ̀ Ni Mo Fi Kọ́ Ìlù Lórí Òkè Mápó

Mo rántí ìgbà tí ìyá àgbà kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú nítorí ìlù mi. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni. Mo jókòó sídìí ìlù òyìnbó, èyí tí à ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lù pọ̀, mo ń dá bírà. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ orin, àmọ́ kí a tó débi ègbè, mo ti ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá tó ń jó lọ síwájú pẹpẹ ń mí gúlegúle. Èmi rò pé ayọ̀ ló pọ̀ lára wọn.

Lẹ́yìn ìsìn, ọ̀gá akọrin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí mo bá tún sáré bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìkórè, ẹlòmíràn ni yóò máa lu ìlù ìjọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú eegun, nítorí n kò ní ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn tó ìlù yẹn.

Wọ́n júwe Alájì kan fún mi ní Bẹẹrẹ, bàbá tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lu irú ìlù yìí lẹ́yìn àwọn olórin kó tó lọ sí Mẹ́kà. Mo lu gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un. Kò yìn mí, kò bú mi.

Ó ní, “Ọwọ́ ẹ yá. Ta lò ń lé?”

Ó ní ká máa rìn lọ sí òkè Mápó. Orúnkún ń dùn ún, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó dọ́gba. Kí n máa fi ọwọ́ lu itan bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe ń balẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá ṣíwájú rẹ̀ pẹ́rẹ́, a óò padà sí Bẹẹrẹ láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi ọ̀jáfáfá, ẹ̀ẹ̀mẹrin la padà. Obìnrin tó ń ta àgbàdo sísun lójú ọ̀nà bi í pé, “Alájì, ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n rìn ni?” Ó ní, “Ó ń kọ́ ọ.”

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò kàn mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí a ṣe ń padà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí i tó ń fún eyín pọ̀. Ojú tì mí. Mo ní, “Alájì, ẹ jẹ́ ká jókòó, ẹsẹ̀ yín ń dùn yín.”

“Ẹsẹ̀ mi ò ṣẹ̀ ẹ́. Máa gbọ́ ọ.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé ọwọ́ ara mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, kó má baà kọsẹ̀. Ọjọ́ yẹn la kọ́kọ́ dé Mápó láìpadà.

Lọ́jọ́ ìkórè, ẹsẹ̀ àwọn ìyá ni mo tẹjú mọ́. Wọ́n jó dé pẹpẹ, wọ́n jó padà, wọ́n tún ní ká gbé òmíràn. Ọ̀gá akọrin fúnra rẹ̀ ló dá orin mìíràn. Nígbà tí mo ròyìn fún Alájì, ó ní, “Ṣé wọ́n ń wò ẹ́?”

Mo ní, “Rárá o, Alájì. Kò sẹ́ni tó rántí mi.”

Ó ní, “Ó dáa. Ká wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.”

Èmi ṣì ni mò ń lu ìlù ìjọ títí dòní. Ọwọ́ mi ṣì yá, n kò ní purọ́. Àmọ́ bí orin bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo máa ń wá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù láàárín wa, màá sì dúró dè é.