Ẹ̀dá Olójú Mẹ́tàdínlógún Tí Mo Yà Sára Fẹ́ǹsì Màámi

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí fún yín. Bí kò bá ṣe pé ó ṣojú mi kòrókòró ni, èmi náà ì bá ní irọ́ ni!

Rísíkátù ni orúkọ mi, èmi tí mò ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ní Ìkòtún. Ṣọ́ọ̀bù onídìrí o, ilé oògùn o, "Má ṣe tọ̀ síbí" o, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Obìnrin ni mí, mo sì ń gun àkàbà ju àwọn ọkùnrin tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ẹ má bínú, mo kàn ní kí n kọ́kọ́ fi ìyẹn yé yín ni.

Kọ́lá tó ń tún fóònù ṣe ní Ìgandó ló kó mi sí i. Ó ní kí n wá ya nǹkan sára ògiri ṣọ́ọ̀bù òun. Mo rò pé fóònù ló fẹ́ kí n yà, àfi bó ṣe fi àwòrán kan hàn mí. Háà! Nǹkan kan tó tóbi ju òkè lọ, ojú káàkiri ara rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń lọ́ mọ́ra wọn lọ bẹẹrẹ, àwọn èèyàn wá kéré nísàlẹ̀ rẹ̀ bí èèrà. Mo bi Kọ́lá pé ta ló ṣẹ ẹ́.

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹ́. Ó ní irú ìtàn ẹ̀rù àtijọ́ kan wà tí àwọn òyìnbó máa ń kọ, pé àwọn ẹ̀dá kan ti wà lẹ́yìn ìràwọ̀ kí ayé tó dáyé. Wọn ò fẹ́ràn wa, wọn ò kórìíra wa, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà. Ẹni tó bá ti rí wọn, orí rẹ̀ á dàrú ni. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ̀ náà ni pé ó wò!

Mo ní ṣé ohun tẹ́ ẹ fi ń najú rèé? Ó bá fi mẹ́ta nínú ìtàn náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èyí tí ẹnì kan kà sókè, kí n lè máa gbọ́ ọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, mo kó sínú rẹ̀ pátápátá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò gbọ́ orin mọ́, mi ò gbọ́ wàásù. Ọwọ́ mi á máa kọ "Ẹran Tútù Wà", etí mi á wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ya wèrè. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwòrán tí àwọn èèyàn káàkiri ayé ń yà nítorí ìtàn wọ̀nyí, ó wá ń jó mi lára. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, orí ewúrẹ́ àti irun dídì ni mò ń yà. Ta ló sọ fún mi rí pé mo lè ya ohun tí kò sí?

Ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Màámi fi pè mí.

Ayọ̀bọ̀ ni Màámi ń gbé, nínú ilé tí bàámi kọ́ kí wọ́n tó kú. Àwọn nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀. Ilé tuntun ló pọ̀ ládùúgbò yẹn, fẹ́ǹsì ga, kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí, o lè gbébẹ̀ fọ́dún méjì kó o má mọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ jọ pín ògiri. Ohùn Màámi ń gbọ̀n lórí fóònù. Wọ́n ní ọkùnrin kan já wọlé, ó ń fi tépù wọn fẹ́ǹsì. Àwọn bi í pé kí ló ń wá, ó ní kí àwọn má dààmú, pé ẹni tó fẹ́ ra ilé náà ń bọ̀ wá wò ó ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Rà á kẹ̀! Ilé bàámi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó mọ irú wọn. Wọ́n á wá ilé tí kò lérò, wọ́n á ṣe ayédèrú ìwé, wọ́n á sì tà á lójú onílé. Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà, ló gbà wá nímọ̀ràn tí gbogbo èèyàn mọ̀: ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára fẹ́ǹsì pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Wọ́n wá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní ṣebí èmi ni mò ń kọ tèyí-tọ̀hún kiri Ìkòtún, kí ló dé tí mi ò rí ti ìyá mi kọ? Ojú tì mí jàre.

Mo kó péńtì, ó di Ayọ̀bọ̀. Ẹ wá wo àṣìṣe mi báyìí, kí ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bá mi bú ara mi. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé kí n fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí ọ̀rọ̀ máa gbà, kí n tó fọwọ́ kan àwòrán. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó lọ́kàn mi pé ta ló ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà tó máa lé olè. Kékeré o!

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi yà á. Tí mo bá ya ojú kan tán, ibòmíì lára rẹ̀ á ní òun náà fẹ́ lójú. Nígbà tí mo máa fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó ti gba fẹ́ǹsì láti géètì títí dé òpó iná. Ojú mẹ́tàdínlógún, ẹsẹ̀ tí èmi gan-an ò lè kà, irùngbọ̀n gígùn yí ẹnu rẹ̀ ká. Ó dára débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo wá gbé búrọ́ọ̀ṣì kí n kọ ọ̀rọ̀. Níbo? Àyè tó ṣẹ́ kù ò gbà ju orúkọ mi lọ. Mo sì kọ orúkọ mi síbẹ̀!

Màámi jáde, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní ta nìyí? Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn ìràwọ̀, kí ayé tó dáyé, bí kò ṣe mọ̀ pé a wà. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan péré ni wọ́n ní.

"Ó ti ọ̀nà jíjìn tó yẹn wá, kò wá kí ẹnikẹ́ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.

Wọ́n pòṣé. "Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Ti Bàbá Alága ló le jù. Wọ́n fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ ka ojú ẹ̀dá náà, wọ́n ṣì í kà, wọ́n tún un kà. Wọ́n ní níbo ni "kì í ṣe títà" wà nínú gbogbo eléyìí? Wọ́n ní ojú yìí pọ̀ jù fún àdúgbò wa, kí n dín in kù sí méjì tàbí kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kó tó di ìpàdé ọjọ́ Àìkú. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún mi. Wọ́n ní mẹ́ta, pé ìyẹn náà, nítorí bàbá mi ni. Ẹ gbà mí o, èmi àti àgbàlagbà dúró sínú oòrùn, à ń ná ojú!

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni ọlọ́kadà kan dúró níwájú géètì. Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi bu méjì, kí ata ẹ̀ pọ̀ o." Màámi ní méjì kí ni? Ó nàka sí fẹ́ǹsì.

Ẹ wò ó, lọ́dọ̀ tiwa níbí, ta ló ń ya nǹkan sára ògiri lásán? Tẹ́ ẹ bá rí adìẹ lára ògiri, adìẹ wà nínú ilé nìyẹn. Àwọn èèyàn wo ẹ̀dá mi, wọ́n wo irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n ní ẹja àrọ̀ ni! Ẹ̀dá tó ti wà kí ayé tó dáyé, wọ́n ń bi wá bóyá a ní in ní pẹpẹsúùpù! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èèyàn mọ́kànlá ló ti béèrè. Inú bí mi, mo bá ẹnì kẹfà jà. Mo ní iṣẹ́ ọpọlọ nìyí! Ó ní òun máa ń jẹ ọpọlọ ẹja náà.

Màámi ò bínú ní tiwọn. Nígbà tí mo máa jí láàárọ̀ Jímọ̀, wọ́n ti lọ, wọ́n ti bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja ní Ìṣẹ̀rí. Wọ́n ti gbé ìkòkò ńlá kaná, èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ òkú bàámi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n lọ lọ ata wá.

Ó di ọ̀sán Sátidé. Ẹ wá wo èrò! Bẹ́ǹṣì ò tó mọ́, wọ́n dojú ike péńtì mi dé, wọ́n jókòó lé e. Bàbá Alága wá wò ó bóyá mo ti dín ojú kù. Màámi gbé abọ́ kan fún wọn, kí wọ́n máa fi panu ná. Nígbà tí abọ́ kejì máa dé, ojú mẹ́tàdínlógún ò pọ̀ jù mọ́.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin onítépù dé, òun àti obìnrin kan tó wọ híjáábù. Obìnrin náà wo èrò, ó wo fẹ́ǹsì, ó ní ta ló ni gbogbo èyí? Ọkùnrin yìí nàka sí Màámi níbi tí wọ́n ti ń ro ọbẹ̀, ó ní ayálégbé ni ìyá yẹn, pé wọ́n máa tó kó jáde.

"Wọn ò lẹ́nìkan," ó ní.

Bàbá Alága dìde, orí ẹja ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Ta ni ò lẹ́nìkan?"

Ọlọ́kadà ọjọ́ Tọ́sìdeè dìde. Ẹni tí mo bá jà náà dìde! Ẹni tí wọn ò tíì bu tiẹ̀ fún gan-an dìde. Wọ́n ní ìyá àwọn ni, ilé ìyá àwọn ni. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi mọ Màámi o! Ọkùnrin náà fẹ́ sá, ọ̀kadà ti dí gbogbo ojú ọ̀nà. Obìnrin tó bá a wá jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ó ní ọ̀la ló yẹ kí òun san owó ilé fún un. Màámi gbé abọ́ fún òun náà.

Kí ọlọ́pàá tó wá mú ọkùnrin náà lọ, Bàbá Alága bi í pé nínú gbogbo ilé tó wà ní Ayọ̀bọ̀, kí ló dé tó jẹ́ ilé opó ló mú? Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní láti oṣù mẹ́ta ni òun ti ń ṣọ́ ilé náà, òun ò rí ọmọ kan kó wọlé. Ó ní lọ́jọ́ Iléyá, òun rí i tí ìyá yìí gbé ẹran wọn síwájú, tí wọ́n dá nìkan jẹ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa bi mí ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi nídìí ọkàn. Lọ́jọ́ Iléyá yẹn, mo wà ní Ìkòtún. Mo pè, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Màámi ní kò burú, pé àwọn ní àlejò.

Kí ni ẹ̀kọ́ tí mo kọ́? Mo ṣì ń gbọ́ ìtàn mi o, mi ò ní parọ́, mo sì ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ mo lọ ń wá ohun tí kò mọ̀ pé èèyàn wà títí dé ẹ̀yìn ìràwọ̀, nígbà tó jẹ́ pé èmi rèé ní Ìkòtún, tí mi ò mọ̀ pé ìyá mi ò ní ẹni tí wọ́n máa bá jẹun. Ẹ̀rù tèmi gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe yín rí? Ìgbà wo lẹ dé ilé kẹ́yìn? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí kí n kà á. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pe ìyá yín ná, tí wọ́n bá sì ní àwọn ní àlejò, ẹ bi wọ́n pé ta ni.